Ṣé Mọ́tò Ń Fún Bátìrì Ẹ̀yìn Ní Iná? Nọ́ńbà Ni Yóò Sọ

   

Ọ̀rọ̀ bátìrì ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe bátìrì kékeré inú tọ́ọ̀ṣì. Bátìrì ńlá ni, irú èyí tó wà nínú mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo irú bátìrì yìí fún nǹkan mìíràn báyìí: fún iná ilé, fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbi ìnáwó, fún fífi iná sí tẹlifóònù. Àwọn kan a gbé e sínú rẹmọ́ọ̀kì, ìyẹn ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì, tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn. Wọn a fẹ́ kí bátìrì náà máa gba iná lára mọ́tò bí wọ́n bá ti ń rìn lọ.

Ìbéèrè wa nìyí: báwo ni a ṣe lè mọ̀ dájú pé mọ́tò ń fún bátìrì ẹ̀yìn ní iná lóòótọ́?

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú èmi fúnra mi rí.

Nígbà kan, àwa olùkọ́ mẹ́ta ni a máa ń lọ láti abúlé sí abúlé ní agbègbè Kétu, láti kọ́ àwọn àgbà ní ìwé lálẹ́. Mọ́tò kan ló ń gbé wa, rẹmọ́ọ̀kì kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú rẹmọ́ọ̀kì náà ni a ń kó pátákó sí, àti àga, àti bátìrì kan tí a fi ń tan iná méjì. Ẹni tó so rẹmọ́ọ̀kì mọ́ mọ́tò sọ fún wa pé bí mọ́tò bá ti ń rìn, bátìrì yóò máa gba iná. A gbà á gbọ́. Kí ló dé tí a kò fi ní gbà á gbọ́? Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, iná pupa ẹ̀yìn rẹmọ́ọ̀kì ń tàn. Bí ó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, iná ọwọ́ ọ̀tún ń ṣẹ́jú. A ní, "Iná ti dé ẹ̀yìn nìyẹn."

Alẹ́ ọjọ́ ìdánwò dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dára. Ìyá àgbà kan pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. A pín ìwé fún wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, iná wa bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, ó ń ṣe bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Lẹ́yìn náà ó kú pátápátá.

Àwọn ará abúlé sáré gbé àtùpà wá láti ilé. Àtùpà mẹ́rin ni fún ènìyàn méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa kò lè parí. Ìyá àgbà náà dá ìwé rẹ̀ padà, ìdajì rẹ̀ ni ó kọ. Ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́n. Òkùnkùn ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Ta ni a dá lẹ́bi? Bàbá awakọ̀ wa ni. A ní ó ti fi bátìrì wa gbọ́ rédíò mọ́jú. Bàbá náà búra, a kò gbọ́. Ó dákẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò bá wa jẹun pọ̀ mọ́. Ẹ ó gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí.

IBI TÍ INÁ TI Ń WÁ

Bátìrì dà bí ìkòkò omi. Ohun tí a bá dà sínú rẹ̀ ni a ó bù nínú rẹ̀. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859. Pẹlẹbẹ òjé ni ó wà nínú rẹ̀, nínú omi tó ń jóni tí à ń pè ní ásíìdì.

Ta ni ó ń pọn omi sí ìkòkò yìí? Ẹ̀rọ kan wà lára ẹ́ńjìnì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní alternateur. Òun ni ó ń ṣe iná. Bẹ́líìtì kan so ó mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí, bẹ́líìtì yóò máa yí i. Iná tó bá ṣe yóò gba inú wáyà lọ sí bátìrì mọ́tò.

Bí a bá fẹ́ kí iná náà dé bátìrì ẹ̀yìn, wáyà kan gbọ́dọ̀ gbé e lọ, wáyà kejì sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Iná bátìrì kì í fò. Ọ̀nà ni ó ń tọ̀. Bí ọ̀nà bá já níbì kan, ibẹ̀ ni iná yóò dúró sí.

Níwájú awakọ̀, iná pupa kékeré kan wà tí wọ́n ya àwòrán bátìrì sí. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, yóò tàn. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó kú. Bí kò bá kú, ẹ pe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ọ̀rọ̀ bátìrì iwájú ni iná pupa yìí ń sọ. Kò mọ nǹkan kan nípa bátìrì ẹ̀yìn. Iná bíréèkì pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tirẹ̀ ọ̀tọ̀, ọ̀nà bátìrì ọ̀tọ̀.

NỌ́ŃBÀ TÓ YẸ KÍ A MỌ̀

A ń fi kìlò wọn òwú. A ń fi lítà wọn epo. Fóòtì ni a fi ń wọn agbára iná bátìrì. Alessandro Volta, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni wọ́n fi orúkọ náà rántí.

Ohun ìwọ̀n rẹ̀ ni multimètre. Ó kéré, ọwọ́ kan gbà á. Ẹ lè rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò iná. Ó ní wáyà méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Ó ní ojú kan tí nọ́ńbà ń hàn sí.

Nọ́ńbà náà ní àmì tóótó kan láàárín, báyìí: 12.6. Ohun tó wà ṣáájú àmì náà jẹ́ odidi. Ohun tó tẹ̀lé e jẹ́ ìdá nínú mẹ́wàá. A ó kà á báyìí: méjìlá, àti ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, 12.6 ju 12.2 lọ. 14.2 sì ju 12.6 lọ. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì náà, bíi 12.64, ẹ ka èyí àkọ́kọ́, ó tó.

Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú bátìrì mọ́tò kékeré. Yàrá kọ̀ọ̀kan tó bá kún ń mú nǹkan bíi 2.1 wá. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 2.1 lọ́nà 6 jẹ́ 12.6.

Bí bátìrì bá ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, tí kò ṣiṣẹ́, tí kò sì gba iná:

12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀: bátìrì kún.
12.2: ó kù bí ìdajì.
12.0 àti sísàlẹ̀: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́:

Láti 13.5 dé 14.5: bátìrì ń gba iná dáadáa.
Ju 15 lọ: iná ti pọ̀ jù. Yóò ba bátìrì jẹ́.

BÍ A ṢE Ń ṢE ÌDÁNWÒ NÁÀ

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ pa gbogbo iná. Ẹ jẹ́ kí bátìrì ẹ̀yìn sinmi.

2. Ẹ yí bọ́tìnì multimètre sí ibi tí wọ́n kọ V sí, èyí tó ní ìlà gbọọrọ kan àti ìlà gígé-gígé kan. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà síbẹ̀, ẹ yan 20. Ẹ wò ó dáadáa kí wáyà pupa wà nínú ihò tí wọ́n kọ V sí. Kò gbọdọ̀ wà nínú ihò tí wọ́n kọ A sí, nítorí ohun ìwọ̀n lè jó mọ́ yín lọ́wọ́.

3. Ẹ fi ẹnu wáyà pupa kan orí bátìrì ẹ̀yìn tó ní àmì ìròpọ̀, +. Ẹ fi ẹnu wáyà dúdú kan orí tó ní àmì ìyọkúrò, −. Ẹ ka nọ́ńbà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ìlà kékeré bá hàn ṣáájú nọ́ńbà náà, wáyà méjèèjì ti ṣì ọ̀nà ni. Ẹ pààrọ̀ wọn.

4. Kí awakọ̀ fa bíréèkì ọwọ́. Kí ó yọ mọ́tò kúrò nínú jíà. Kí ó dá ẹ́ńjìnì, kí ó sì mú un sáré díẹ̀ ju ti ìdúró lọ.

5. Ẹ wọn bátìrì iwájú. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yẹra fún bẹ́líìtì àti fáànù. Ẹ ká aṣọ yín, ẹ di gèlè yín dáadáa.

6. Ẹ padà sí bátìrì ẹ̀yìn. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ti pé nọ́ńbà mẹ́ta. Ẹ̀yin ni ẹ ó dájọ́ báyìí.

ÌDÁJỌ́

Ọ̀nà kìíní. Ẹ̀yìn jẹ́ 12.2 kí a tó dá ẹ́ńjìnì. Iwájú jẹ́ 14.2. Ẹ̀yìn wá di 13.8. Ó dára. Bátìrì ẹ̀yìn ń gba iná.

Ọ̀nà kejì. Ẹ̀yìn jẹ́ 12.2. Iwájú jẹ́ 14.2. Ẹ̀yìn ṣì jẹ́ 12.2, kò yí padà rárá. Alternateur ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti já láàárín, tàbí kò tilẹ̀ sí ọ̀nà kankan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta. Iwájú fúnra rẹ̀ kò gòkè. Ó jẹ́ 12.3, bí a tilẹ̀ mú ẹ́ńjìnì sáré. Ẹ má yọ ẹ̀yìn lẹ́nu. Alternateur tàbí bẹ́líìtì ni kí mẹkáníìkì wò. Àwọn mọ́tò tuntun kan wà tó ń dín iná wọn kù fúnra wọn bí bátìrì iwájú bá ti kún. Fún irú wọn, ẹ tan iná iwájú mọ́tò, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà kẹrin. Iwájú jẹ́ 14.2, ẹ̀yìn gòkè láti 12.2, ṣùgbọ́n 12.7 péré ni ó dé. Ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n ó há. Ó lè jẹ́ pé wáyà tín-ín-rín jù fún jíjìn ọ̀nà náà. Ó sì lè jẹ́ pé ìpẹtà ti bo ẹnu rẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó há ṣeré. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bátìrì kan wà tí wọ́n kọ 60 Ah sí lára. Ó ti lo ìdajì, ìyẹn 30. Bí wáyà bá ń gbé 10 wọlé ní wákàtí kan, yóò lò tó wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kún. Bí ó bá jẹ́ 3 péré ni wáyà ń gbé, yóò ju wákàtí 10 lọ. Láti Kétu dé Ìpóbẹ́ kò gba wákàtí 10. Ẹ ó ti dé, ẹ ó ti jẹun, ẹ ó ti sùn, bátìrì kò ì tí ì yó.

IBI TÍ Ọ̀NÀ TI MÁA Ń JÁ

Ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì. Fíúsì jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sójú ọ̀nà. Bí iná bá pọ̀ jù, òun ni yóò kọ́kọ́ já, kí mọ́tò má bàa jóná. Ẹ má fi ìṣó tàbí wáyà lásán rọ́pò rẹ̀ láéláé. Èyí tó bá já, ẹ ra irú rẹ̀ gan-an, nọ́ńbà kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo wáyà tó ń dá iná padà. Bí ẹnu rẹ̀ bá dì mọ́ orí ọ̀dà tàbí ìpẹtà, iná kò ní kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ha á títí irin yóò fi mọ́ gbòò.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ibi tí a ti so wáyà mọ́tò mọ́ ti rẹmọ́ọ̀kì. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò tó wá láti Yúróòpù, ihò 7 ni ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka iṣẹ́ wọn: iná ìyàsọ́tùn-ún, iná ìyàsósì, iná ẹ̀yìn ọ̀tún, iná ẹ̀yìn òsì, iná bíréèkì, iná kùrukùru, àti wáyà ìdápadà. Ó pé méje. Èwo ni ti bátìrì nínú wọn? Kò sí. Àwọn tó ní ihò 13 ní àyè fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń fa wáyà dé ẹ̀yìn ihò náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi mọ́tò fa ilé onítáyà ní ihò 7 tiwọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú tiwọn wà fún bátìrì. Nítorí náà, kì í ṣe iye ihò ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ wọ̀n ọ́n.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ WA JÁ SÍ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹkáníìkì kan yá wa ní multimètre rẹ̀, ó sì kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó. A gbé e lọ sí kíláàsì. A ní yóò jẹ́ ẹ̀kọ́ nọ́ńbà fún alẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà yẹn ni a ní kí ó wá kà á. Ó tẹ̀ba, ó la ojú. Ó ní, "12.0." Bàbá awakọ̀ dá ẹ́ńjìnì. Ìyá tún wò ó. Ó ní, "12.0." Ó gbé orí sókè, ó ní, "Kò yí padà o."

Gbogbo wa dákẹ́. A tú ibi ìsopọ̀. Ihò méje, wáyà méje, kò sí ọ̀kan tó lọ sí ọ̀dọ̀ bátìrì. Láti ọjọ́ tí a ti gba rẹmọ́ọ̀kì náà, mọ́tò kò fún bátìrì ẹ̀yìn ní iná rí. Iná tí a gbé wá láti ilé nìkan ni a ń jẹ, títí ó fi tán.

Àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí a tó dá a. A lọ sí ilé bàbá awakọ̀. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé di òní. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ayé ní nọ́ńbà, ẹ kò wo nọ́ńbà kí ẹ tó pè mí ní olè."

Mẹkáníìkì náà fa wáyà nínípọn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó fi fíúsì sí i. Ó tún fi ohun kan sí i tí wọ́n ń pè ní relais, tó ń já ọ̀nà náà bí a bá pa ẹ́ńjìnì, kí iná kíláàsì má bàa fa bátìrì iwájú gbẹ, kí mọ́tò má sì kọ̀ láti dáhùn lówùúrọ̀. A dá ẹ́ńjìnì, a wọ̀n ọ́n. Ìyá àgbà kà á: 13.9. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. A tún ìdánwò náà ṣe. Iná tàn títí di òpin. Ìyá yege.

Ẹ ṢỌ́RA O

Ásíìdì inú bátìrì ń jó ara, ó ń fọ́ ojú. Bí ó bá ta sí yín lára, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ni, ẹ ṣàn án fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Bátìrì tó ń gba iná ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó lè bú gbàmù. Ẹ má mu sìgá nítòsí rẹ̀. Ẹ má gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Ẹ má gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má tú wáyà kúrò lórí bátìrì láti fi dán an wò. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ba alternateur jẹ́.

Ẹ má fi irin kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí omi inú bátìrì bá dín kù, omi mímọ́ ti bátìrì ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe ásíìdì.

Ẹ má jẹ́ kí bátìrì tó gbẹ jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òjé inú rẹ̀ yóò le, kò ní gba iná bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn fún bátìrì ní iná, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹ wọn bátìrì yín kí oòrùn tó yọ. Ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán gangan. Bí nọ́ńbà kò bá gòkè, ọ̀nà ti já níbì kan.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni nọ́ńbà bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi?
2. Nínú 12.6 àti 13.8, èwo ni ó pọ̀ jù?
3. Iná bíréèkì ẹ̀yìn ń tàn. Ṣé ẹ̀rí ni pé bátìrì ẹ̀yìn ń gba iná? Kí ló dé?
4. Ẹ̀yìn jẹ́ 12.1, iwájú jẹ́ 14.3, ẹ̀yìn ṣì jẹ́ 12.1. Kí ni ìdájọ́ yín?

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé bátìrì yín ń gba iná, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun ìwọ̀n, kí ẹ kà á fúnra yín. Nọ́ńbà kò mọ ojúsàájú. Òun ni yóò gba owó yín là, òun ni yóò sì gba ọmọlúàbí lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké.

Ó dìgbà kan ná o. Ilẹ̀ á mọ́ wa ire.